Lẹ́tà sí Àjọkẹ́ lórí ọ̀pá ìtọ̀ kantíkantí

Àjọkẹ́ ọmọ mi,

Gbogbo ilé ní Àjàṣẹ́ ń kí ọ. Inú mi dùn sí iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé ọ lọ́wọ́ ní Kálávì, pé kí o wọn pọ̀tásíọ̀mù tó ń gba ara ọ̀pá ìtọ̀ kantíkantí kọjá. Ka èyí kí o tó mú ẹ̀mú.

Ọ̀pá mẹ́rin tín-ín-rín tó ń ṣe iṣẹ́ kíndìnrín ni kantíkantí ní, méjì níwájú, méjì lẹ́yìn. Méjìméjì ni wọ́n pàdé ní ọ̀nà ìtọ̀ kan. Ti iwájú ni kí o yọ. Ọ̀nà ìtọ̀ nìkan ni kí ẹ̀mú kàn. Bí ẹ̀mú bá há ọ̀pá, sẹ́ẹ̀lì á fọ́, omi á máa jò, wàá sì máa rò pé oògùn tí o ń dán wò ló dá a dúró.

Ti ọ̀pá kan bọ inú ẹ̀kán omi iyọ̀, wé èkejì mọ́ pínnì, kí ọ̀nà ìtọ̀ wà láàárín wọn nínú òróró paraffin. Ibẹ̀ ni ìtọ̀ á ti yọ roboto. Òróró yẹn ni kí o ṣọ́ jù, àgàgà lásìkò ọyẹ́. Po omi mọ́ ọn dáadáa ṣáájú, nítorí òróró gbígbẹ a máa fa omi kúrò lára ẹ̀kán ìtọ̀, pọ̀tásíọ̀mù inú rẹ̀ á wá ki ju bó ṣe rí gan-an lọ.

Ní ìṣẹ́jú 10-10, wọn ìbú (d) ẹ̀kán ìtọ̀ náà: πd³/6 ni ìwọ̀n omi inú rẹ̀. Ìbú 100 µm (máíkírómítà) jẹ́ nǹkan bí 0.52 nl (nánólítà). Bí o bá fi 10% ṣì ìbú sókè, omi á fi 33% lé. Wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, níbùú àti lóròó.

Àmọ́ ìwọ̀n omi nìkan kò tó, ọmọ mi. V-ATPase, prótéènì tó dà bí ẹ̀rọ ìfami, ló ń ti prótọ́ọ̀nù sínú ihò ọ̀pá. Bí prótọ́ọ̀nù ti ń padà ni pọ̀tásíọ̀mù ń bọ́ síbẹ̀, kíló­ráìdì sì ń tẹ̀ lé e gba ọ̀nà mìíràn. Bí ọ̀nà kílóráìdì bá dí, ẹ̀kán á kéré, bẹ́ẹ̀ V-ATPase kò bàjẹ́. Nítorí náà fi ẹ̀lẹ́kítíródù valinomycin (èròjà tó ń dá pọ̀tásíọ̀mù mọ̀) wọn pọ̀tásíọ̀mù inú ẹ̀kán, kí o sì sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú omi tó ń yọ: 0.5 nl ní ìṣẹ́jú kan, bí pọ̀tásíọ̀mù inú rẹ̀ bá jẹ́ 120 mM (mílímólà), jẹ́ 60 pmol (píkómóòlù) ní ìṣẹ́jú kan. Fi omi tí o mọ ìwọ̀n rẹ̀ yẹ ẹ̀lẹ́kítíródù wò ṣáájú àti lẹ́yìn.

Ọ̀pá tí kò bá tọ̀ rárá ní ìṣẹ́jú 30 àkọ́kọ́, kí oògùn tó dé ibẹ̀, gbé e sọnù, kí o yọ òmíràn. Má kọ òdo sílẹ̀ fún un.

Ìyá rẹ