Ẹ̀yin òpó ilé, ẹ jókòó díẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ mi, ọmọ Èkìtì kete, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀yin tí wọ́n ń pè ní òpó ilé ni mò ń bá sọ̀rọ̀, pàápàá ẹ̀yin àkọ́bí obìnrin, tí àwọn àbúrò ti ń pè kílẹ̀ tó mọ́, ti ọ̀kan owó ilé-ìwé, ti èkejì owó ilé, Màámi náà á tún fi fóìsì nóòtì ránṣẹ́ pé oògùn ti tán. Mo ń rí yín ní Ọjà Ọba l'Adó, ẹ̀ ń já àpò gàrì, ẹ̀ ń dá kọ́sítọ́mà lóhùn, fóònù há sáàárín etí àti èjìká, téèyàn bá bi yín pé ṣé kò rẹ̀ yín, ẹ ó ní "rárá mà, mo strong". Ta lẹ̀ ń purọ́ fún? Wọ́n ti yìn yín ní "obìnrin bí ọkùnrin" títí tẹ́ ẹ ò fi lè yanu sọ pé ó ti sú yín.

Gbogbo wa la mọ ìtàn Mósè ní Réfídímù, tó bá gbọ́wọ́ sókè Ísírẹ́lì á borí, tó bá sọ ọ́ kalẹ̀ Ámálékì á borí. Ibi táwọn oníwàásù máa ń sáré kọjá ni pé ọwọ́ bàbá náà wúwo. Mósè o, tó na ọ̀pá sí òkun! Ọlọ́run ò bá a wí, kò sì fún un lágbára tuntun, òkúta ni wọ́n gbé wá tó jókòó lé, Áárónì di ọwọ́ kan mú, Húrì di èkejì mú títí oòrùn fi wọ̀, wọ́n sì ṣẹ́gun. Lórí ìjókòó ni o.

Ta wá ni Áárónì tìrẹ? Àbúrò tó ti pé ọdún 24, tó ń ṣe POS ní Bàṣìrí, kí ló dé tí ò lè ra oògùn Màámi lóṣù yìí? Pè é, má ṣe fọgbọ́n sọ ọ́, ní "ó ti rẹ̀ mí, gba eléyìí lọ́wọ́ mi". Ó lè kùn o, jẹ́ kó kùn.

Ara ò gbọ́ "mo strong". Àgbàlagbà nílò oorun wákàtí 7 ó kéré tán, ojú oorun yẹn ni ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ti máa ń wálẹ̀, ẹni tó ń fi òru ṣírò gbèsè, ìgbà wo ni tiẹ̀ fẹ́ wálẹ̀? Ẹ lọ wọn BP yín, tó bá ń fi 140/90 hàn lọ́jọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ má ní ayé ló ń ṣe yín, ẹ lọ rí dókítà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe vigil Fráìdé, òde Sátidé, kúáyà Sọ́ńdè, tẹ́ ẹ tún fẹ́ gun òkè àdúrà l'Ẹ́fọ̀n, mo gbọ́ yín, èmi náà ń lọ. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run tẹ́ ẹ ní kì í tòògbé kì í sùn, kí lẹ wá ń bá a ṣọ́ lójoojúmọ́?

Sátidé yìí, tẹ́ ẹ bá jẹ iyán tán, ẹ pa fóònù, ẹ ní "Baba, ó dọwọ́ Yín o", kẹ́ ẹ sùn. Ẹni tó bá pè tí ò wọlé á pe ẹlòmíì.