Ìdíje ijó, ijó ìdíje

Ọ̀fà

Àjọkẹ́ ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà, òtútù ò sì ń ṣe ọ́ jù? Ẹ̀gbọ́n ń kí ọ, ọwọ́ tó ń dùn wọ́n ti yá. Àgbàdo tuntun ti dé Owódé. Ọ̀rọ̀ kan ló gbé mi lọ́kàn.

Wọ́n ti ní kí wọ́n kọ Ìdíje Ijó gàdàgbà sára pátákó eré ọdún yìí. Wọ́n wá pe oníjó bàtá àti àwọn ọmọ tó ń kọ́ waltz, ijó òyìnbó tí tọkùnrin tobìnrin ń dira mú jó, sórí pápá kan náà, níwájú adájọ́ kan náà. Orúkọ yẹn ló fà á. Ìdíje ijó ni eré ọjọ́ náà: ijó yòówù kéèyàn gbé wá, ká ṣáà mọ ẹni tó mọ̀ ọ́n jó jù. Ijó ìdíje ni ijó tí wọ́n ti fi òfin dè kó lè ṣeé fi díje, òun ni wọ́n ń pè ní DanceSport. Ẹ̀ka méjì ni mò ń sọ níbí. Waltz, tango, Viennese waltz, foxtrot àti quickstep ni ti Standard. Samba, cha-cha, rumba, paso doble àti jive ni ti Latin.

Ìlù ló máa ń da nǹkan rú. Lọ́dọ̀ wa, onílù ń wo ẹsẹ̀ oníjó; bí ijó bá gbóná, ìlù á le sí i. Nínú ijó ìdíje, oníjó kì í yan orin, orin kì í sì í dúró de ẹnikẹ́ni. Waltz ò gbọdọ̀ kúrò láàárín ìlù 84 sí 90 ní ìṣẹ́jú kan. Viennese waltz, 174 sí 180. Bí ẹsẹ̀ bá sáré ju ìlù lọ, òun ni adájọ́ kọ́kọ́ ń rí, bó ti wù kí apá gún tó. Méjìméjì ni wọ́n ń yí pápá po, ògiri lápá ọ̀tún wọn. Ẹni tó bá gé àárín kọjá á kọ lu ẹlòmíràn. Adájọ́ márùn-ún tàbí méje ni kí wọ́n wá, kì í ṣe mẹ́rin, torí ẹni tí àwọn tó pọ̀ jù fi ṣe ìkíní ló ń gbà á.

Breaking, ijó ìgboro tí wọ́n jó ní ìdíje Òlíńpíìkì ní Paris lọ́dún 2024, tún yàtọ̀: ojúkojú ni, o jó, mo jó. Ìfigagbága gan-an nìyẹn, ọmọ ìlú ìjàkadì, ìwọ náà mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀rù àwọn ọmọ waltz yẹn ń bà mí, Àjọkẹ́. Wọn ò ní mọ ìdí tí wọ́n fi pàdánù.

Jọ̀ọ́, ìwọ tó o wà nítòsí Blackpool nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí wọ́n ti ń ṣe àjọ̀dún ijó yìí láti 1920, fi orin waltz mẹ́ta ránṣẹ́, ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ìlù 87. Kó o sì pe alága eré náà, kí wọ́n pín eré náà sí méjì. Ọ̀rọ̀ rẹ ń wọ̀ wọ́n létí. Pátákó ṣì wà lọ́dọ̀ ẹni tó ń kọ ọ́.

Èmi ni,
Ìyábọ̀