Aporó ejò: omi mímọ́ àti asẹ́ ló yẹ kó ṣáájú ẹṣin

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú akitiyan lórí ọ̀rọ̀ ejò tí ẹ gbé síwájú àwa òǹkàwé yín. Mo ti ka lẹ́tà àwọn tó ní ó tó gẹ́ẹ́, pé kí Nàìjíríà máa ṣe aporó ejò fúnra rẹ̀, pé ìtìjú ni ká máa retí ìgò oògùn láti òkèèrè nígbà tí ejò ń ṣán àwọn èèyàn wa lóko. Mo wà lẹ́yìn wọn gbágbáágbá. Gbólóhùn kan ni kò jẹ́ kí n dákẹ́: “Ẹṣin pọ̀ lókè Ọya, ejò pọ̀ nígbó, kí ló tún kù?”

Ohun tó kù ló pọ̀ jù. Apòògùn òyìnbó ni mí. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe dírípù l'Ékòó ni mo ti bẹ̀rẹ̀ kí n tó wá sí ilé ìwòsàn ní Òkè-Ògùn, ibẹ̀ ni mo sì ti fẹ̀yìn tì. Mo mọ wàhálà tó wà nínú kí omi tí wọ́n máa fà sí èèyàn lára mọ́, mo sì mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí kò bá mọ́.

Wọ́n á fún oró lẹ́nu ejò, wọ́n á máa gún un fún ẹṣin ní díẹ̀díẹ̀ títí ara ẹṣin náà yóò fi máa pèsè purotéènì tó ń gbógun ti oró. Wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n á dá apá tó pupa padà sí i lára, wọ́n á sì mú omi aláwọ̀ ìyeyè tó kù, tí à ń pè ní pílásímà. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ibẹ̀ ni iṣẹ́ parí sí. Ibẹ̀ gan-an ló ti bẹ̀rẹ̀. Purotéènì tí à ń wá wà nínú omi yẹn lóòótọ́, àmọ́ òun àti ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ purotéènì ẹṣin mìíràn ni. Nígbà tí dókítà kan tó ń jẹ́ Albert Calmette kọ́kọ́ ṣe irú oògùn yìí nílẹ̀ Faransé ní nǹkan bí 130 ọdún sẹ́yìn, omi ẹ̀jẹ̀ ẹṣin bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń fún aláìsàn. Ó ń pa oró, ṣùgbọ́n ohun àjèjì tó bá a wọlé máa ń dá wàhálà sílẹ̀: ara á máa yún, ara á sú, oríkèé á máa ro aláìsàn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì.

Ẹ jẹ́ ká wo àwọn tó ń ṣe é fún wa. Instituto Clodomiro Picado, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1970 ní orílẹ̀-èdè Costa Rica, ló ń ṣe aporó tó ń jẹ́ EchiTAb-plus-ICP, tó wà fún oró ejò mẹ́ta: paramọ́lẹ̀ kékeré inú ọ̀dàn tí orúkọ ìwé rẹ̀ ń jẹ́ Echis, paramọ́lẹ̀ ńlá, àti sèbé tó máa ń tu oró síni lójú. Ásíìdì kan tó ń jẹ́ caprylic ni wọ́n máa ń dà sínú pílásímà, tí wọ́n á máa rò ó pọ̀. Ásíìdì yìí wà nínú òróró àgbọn àti àdín tiwa náà. Àwọn purotéènì tí a kò nílò á dì, wọ́n á funfun, àmọ́ èyí tí à ń wá á ṣì wà nínú omi. Wọ́n á wá sẹ́ ẹ. Bí àwọn ìyá wa ṣe ń sẹ́ ògì ni: èèrí á kù sókè, èyí tó dára á jò sísàlẹ̀.

Asẹ́ kejì ló yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ kà nípa rẹ̀, torí òdìkejì ti àkọ́kọ́ ni. Ihò rẹ̀ kéré débi pé purotéènì tí à ń wá, tí ìwọ̀n rẹ̀ tó 150,000 dalton (òṣùwọ̀n ohun tíńtín bíi purotéènì), kò lè gbà á kọjá. Omi, iyọ̀ àti ìyókù ásíìdì ló ń jò lọ. Oògùn ló ń kù lókè. Wọ́n á máa fi omi mímọ́ rọ́pò èyí tó ń jò, títí ìdọ̀tí wẹ́wẹ́ yóò fi lọ tán. Wọ́n gbọ́dọ̀ rọra ṣe é o. Bó bá ń hó bí ọṣẹ, purotéènì náà lè bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ mọ́ra di ìṣù, irú ìṣù bẹ́ẹ̀ sì wà lára ohun tó ń mú kí ara aláìsàn kọ oògùn.

Ihò asẹ́ ìkẹyìn jẹ́ 0.22 micrometre, kò tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mẹ́rin mìlímítà kan. Purotéènì á gba inú rẹ̀ kọjá, bakitéríà á há sókè. Ẹnìkan lè béèrè pé kí ló dé tí wọn kò kàn fi iná pa kòkòrò náà. Bẹ́ẹ̀ la ń ṣe fún dírípù: inú ẹ̀rọ tó ń fi ooru omi sè é ní 121 °C la máa ń kó ìgò sí. Purotéènì kò lè fojú kan irú ooru bẹ́ẹ̀ kó má bàjẹ́. Asẹ́ nìkan ni wọ́n gbójú lé, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń dán asẹ́ náà wò lẹ́yìn iṣẹ́: wọ́n á fi afẹ́fẹ́ tì í nígbà tí omi ṣì wà lára rẹ̀, wọ́n á wo agbára tó máa gbà kí afẹ́fẹ́ tó là á kọjá. Bó bá tètè là á, asẹ́ ti lu, ohun tí wọ́n fi sẹ́ kò sì gbọdọ̀ dé ọ̀dọ̀ aláìsàn bẹ́ẹ̀.

Àmọ́ ohun kan wà tí asẹ́ yìí kò lè mú, òun ló ń kọ mí lóminú jù. Bí bakitéríà bá ti pọ̀ sínú omi tàbí pílásímà rí, kódà bó bá ti kú, èépá ara rẹ̀ á ṣẹ́ kù síbẹ̀. Endotoxin ni wọ́n ń pè é. Ó kéré ju ihò asẹ́ lọ, ooru tí a fi ń sè dírípù pàápàá kò ràn án. Bó bá wọ ẹ̀jẹ̀ èèyàn, láàárín wákàtí kan sí méjì, òtútù á mú un, eyín á máa gbá pọ̀, ibà gbígbóná á dé, ìfúnpá lè já wálẹ̀. Mo ti dúró ti irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ rí, dírípù lásán tí omi rẹ̀ kò mọ́ ló fà á. Ẹ wá ro ti ẹni tí oró ejò kò jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dì mọ́. Àtìbẹ̀rẹ̀ ni ìmọ́tótó ti gbọ́dọ̀ wà: omi, páìpù, àpò tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ẹṣin sí, yàrá òtútù. Bí iná bá lọ lóru ọjọ́ kan péré, iṣẹ́ oṣù lè bàjẹ́, bó ti wù kí asẹ́ dára tó.

Nígbà tí mo ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n gbé àgbẹ̀ kaṣú kan tí ejò ṣán wá. Dókítà gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sínú túùbù gíláàsì gbígbẹ, a fi sílẹ̀ fún 20 ìṣẹ́jú. Nígbà tí wọ́n yí túùbù náà dẹ̀gbẹ́, ṣe ni ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn, kò dì rárá. Kò sí aporó lọ́dọ̀ wa. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gun ọ̀kadà lọ ra ìgò méjì wá nígboro, nínú ọ̀rá dúdú, nínú oòrùn ọ̀sán gangan. Mo gbé e sójú fèrèsé: fọ́nrán funfun ń léfòó nínú rẹ̀, omi náà ti dojú rú. Mo ní a kò ní lò ó. “Bàbá, owó tí mo yá ni mo fi rà á!” Ọ̀rọ̀ náà dùn mí. Ṣùgbọ́n aporó tó bá ti rí bẹ́ẹ̀, agbára rẹ̀ ti dín, ewu rẹ̀ sì ti pọ̀ sí i. Àjọ WHO náà kìlọ̀ bẹ́ẹ̀. A wá ọkọ̀ gbé àgbẹ̀ náà lọ síbi tí èyí tó dára wà, Ọlọ́run sì bá wa ṣe é.

Èyí tí wọ́n bá fọ̀ dáadáa ń ṣiṣẹ́. Ní Kaltungo, ìpínlẹ̀ Gombe, wọ́n fi EchiTAb-plus-ICP àti EchiTAbG, aporó mìíràn tó wà fún oró Echis, tọ́jú 400 aláìsàn, èsì rẹ̀ jáde ní 2010, oògùn méjèèjì sì ṣe dáadáa. Síbẹ̀, ara àwọn kan kọ̀ ọ́, ìyẹn ni adrenaline, abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń tọ́jú ẹni tí ara rẹ̀ bá kọ oògùn, kò fi gbọdọ̀ jìnnà sí ẹni tó ń fún un.

Bí ìjọba bá fẹ́ dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀, kí wọ́n kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ omi hàn wá, àti àwọn tí yóò máa yẹ asẹ́ wò. Ìlànà WHO lórí iṣẹ́ yìí ti wà nílẹ̀ láti 2010, wọ́n sì tún un ṣe ní 2016, ẹnikẹ́ni kò ní láti máa méfò. Kí wọ́n rán àwọn ọ̀dọ́ tó ti kàwé apòògùn lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn tó mọ̀ ọ́n. Ẹṣin lè dúró ná. Ẹ̀yin òǹkàwé, kí ẹ tó sanwó, bó bá jẹ́ aporó olómi, ẹ béèrè bóyá inú fíríìjì ló ti ń bọ̀, láàárín 2 sí 8 °C, kí ẹ sì gbé ìgò rẹ̀ sínú ìmọ́lẹ̀ wò. Ẹ̀yin oníròyìn, bí wọ́n bá pè yín síbi ìfilọ́lẹ̀ irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kí wọ́n mú yín dé yàrá asẹ́, kí ẹ sì béèrè ìwé àyẹ̀wò endotoxin lọ́wọ́ wọn.

Èmi ni,
Apòògùn tó ti fẹ̀yìn tì,
Ṣakí, ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.