Ọ̀rọ̀ Fọ́ìlì Bàbà Tí Ẹ Ní Ó Ti Yanjú

Sí Ọ̀gá Àgbà,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Nọ́ńbà ọjà, ríṣíìtì àti gbogbo ímeèlì wa wà lọ́wọ́ yín, mi ò ní tún un kà. Ohun tó mú mi kọ̀wé ni àtẹ̀jíṣẹ́ tí ẹ fi ránṣẹ́ lánàá: "A ti yanjú ẹ̀sùn yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún wa ní ìràwọ̀ márùn-ún." Ta ló yanjú ẹ̀? Kí ló fi yanjú ẹ̀?

Fọ́ìlì tí wọn ò fi nǹkan kan bò la sanwó fún. Èyí tí ẹ kó wá ní ìbòrí chromium, kí ó má baà pàwọ̀ dà nínú sítọ́ọ̀. Ó dáa fún ẹni tó ń tà á. Ní ti ẹni tó fẹ́ hu graphene lórí rẹ̀, ìyẹn awẹ́ kábọ́ọ̀nù tó fẹ́lẹ́ tó átọ́ọ̀mù kan péré, háídrójìn inú ìléru lè bó ìpẹtà bàbà, kò lè bó ti chromium; ńṣe ló máa ṣù jọ di èérún funfun wínníwínní, graphene á sì bàjẹ́ níbi tí wọ́n bá wà.

Ọmọkùnrin tó ń dá wa lóhùn ní páìpù quartz inú ìléru wa ló dọ̀tí, pé ibẹ̀ ni èérún náà ti wá. A gé fọ́ìlì náà sí méjì, a rẹ ọ̀kan sínú ásíìdì nitric tí a là lómi, a ṣàn án, a wá tẹ́ méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn nínú páìpù kan náà, 1035°C kan náà, gáàsì methane kan náà tí kábọ́ọ̀nù ti ń wá. Èyí tí a fọ̀ mọ́ tónítóní. Èkejì kún fún èérún funfun. Ẹ ti rí àwòrán rẹ̀. Àbí ẹ̀gbẹ́ kan páìpù ló dọ̀tí ni?

Ó ní ká gbé iná dé 1100. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta bàbà, ṣebí 1085 ló ń yọ́! Ó tún ní ká lo nickel. Nickel a máa mu kábọ́ọ̀nù sára, tó bá ń tutù a pọ̀ ọ́ síta, ibì kan á nípọn, ibòmíì á fẹ́lẹ́. Bàbà kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ mu ún rárá. Ohun tí àwọn olùwádìí Yunifásítì Texas rí nìyẹn ní 2009 tí èyí tó pọ̀ jù nínú graphene wọn fi jẹ́ ìpele ẹyọ kan. Bí mo ṣe ń ṣàlàyé lọ́wọ́, ó ní, "Mà, kì í ṣe gbogbo ẹni tó ra bàbà ló mọ̀ ọ́n lò," ó sì pa fóònù.

Ọ̀gá rẹ̀ bẹ̀bẹ̀, ó ṣèlérí ìwé àyẹ̀wò. Kò dé títí dòní. Ẹ ní ká dá ọjà padà. Nígbà tó dé, sítọ́ọ̀ yín kò gbà á, wọ́n ní a ti ṣí i. Báwo lèèyàn ṣe ń mọ̀ pé fọ́ìlì kò dáa láìṣí i?

Tí ẹ bá ń ṣiyèméjì, ẹ gbé pẹlẹbẹ kan sórí ohun ìgbóná ní 200°C, nínú afẹ́fẹ́ lásán. Bàbà tó wà ní ìhòòhò á ṣú láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀; tiyín á ṣì máa dán. Kò gùn tó orin tí ẹ ń kọ sí wa létí kí ẹnì kan tó gbé fóònù.

Fọ́ìlì 25 máíkírọ́ọ̀nù tí kò ní ìbòrí, pẹ̀lú ìwé àyẹ̀wò rẹ̀, tàbí owó wa: ọjọ́ 14 la fún yín. Lẹ́yìn ìyẹn, a ò ní san owó ọjà tó kù, ẹ̀ka ìrajà wa á yọ orúkọ yín, lọ́yà wa á sì kọ tirẹ̀. Ẹni tó bá máa pè mí, kó jẹ́ ẹni tó mọ ìwọ̀n iná tí bàbà ń yọ́ sí.

Èmi ni,
Alábòójútó yàrá ìwádìí