Kóòdù Wáìfáì kì í ṣe ohun tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ géètì

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Kóòdù onígun mẹ́rin tí wọ́n fi ń pín Wáìfáì ilé yẹn ti wọ Adó-Èkìtì wa báyìí, ó sì dùn mọ́ mi, àlejò á kàn gbé kámẹ́rà fóònù sí i ni, kò sí "ṣé A ńlá ni àbí a kékeré" mọ́, láti orí Android 10 tó jáde ní 2019 ló ti wà nínú sẹ́tìns fóònù. Àmọ́ páswọ́ọ̀dù yín gan-an ló wà nínú àwòrán dúdú-funfun yẹn o, gbangba ló wà níbẹ̀, ẹni tó bá ya fọ́tò ẹ̀ ti mú un lọ nìyẹn. Lánlọ́ọ̀dù wa wá lọ lẹ̀ ẹ́ mọ́ géètì! Ọlọ́kadà ń dúró níbẹ̀ wo fídíò (mi ò bá wọn wí), dátà tí gbogbo ilé dáwó rà ò sì pẹ́ tó fi tán. Ẹ bá wa sọ fún wọn, kí wọ́n ṣí Wáìfáì àlejò lọ́tọ̀ lórí ráútà (ẹ̀rọ tó ń pín Wáìfáì nínú ilé), kó ní páswọ́ọ̀dù tiẹ̀, ìyẹn ni kí wọ́n ṣe kóòdù ẹ̀, kí wọ́n sì gbé e sí pálọ̀. Èyí tó ti bọ́ síta ńkọ́? Ẹ yí páswọ́ọ̀dù padà, kóòdù àtijọ́ ò ní ṣiṣẹ́ mọ́.

Ayálégbé kan,
Báṣìrì, Adó-Èkìtì