Ọ̀rọ̀ sí àwọn oníbàárà wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lo PostgreSQL

Ẹ̀yin oníbàárà wa,

Ẹ kú ọjà o, ajé á wọgbá. Ìbéèrè kan kì í yé wọlé sí wa: "Mo ra ẹ̀rọ tí RAM rẹ̀ pọ̀ dáadáa, kí ló dé tí dátábéèsì mi ṣì ń wọ́?"

Àwọn tó ṣe PostgreSQL, ètò tó ń darí dátábéèsì yín, fi òǹkà kéékèèké sí i kó lè jí lórí ẹ̀rọ yòówù, títí kan èyí tí kò lágbára. shared_buffers, àyè tó ń kó dátà tó ń lò lọ́wọ́ sí, 128MB péré ni. Bí RAM yín bá jẹ́ 16GB, tó sì jẹ́ dátábéèsì nìkan ló ń gbé orí ẹ̀rọ náà, ìdá kan nínú mẹ́rin là ń fún un: 4GB. Ẹ má kó gbogbo rẹ̀ fún un, torí Linux tó ń darí ẹ̀rọ náà ń fi èyí tó kù tọ́jú fáìlì, PostgreSQL sì ń jẹ níbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ pa PostgreSQL, kí ẹ tún un tan, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ní gbà.

work_mem, àyè tí PostgreSQL fi ń to nǹkan, gan-an ló ń kó àwọn èèyàn sí wàhálà. 4MB ló máa ń jẹ́, ojú sì máa ń fẹ́ kí ó pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n òǹkà yẹn kì í ṣe ti gbogbo server pọ̀. Gbogbo ìgbà tí PostgreSQL bá ń to nǹkan fún ẹnì kan, ó lè gba odindi iye yẹn, ìbéèrè kan ṣoṣo sì lè gbà á lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Oníbàárà wa kan gbé e sí 512MB lórí ẹ̀rọ 8GB. Láàárọ̀, ara rọ̀ wọ́n. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, tí akọ̀wé 20 jọ ń ṣírò ọjà ọjọ́ náà, 512MB lọ́nà 20 ti di 10GB. Linux pa iṣẹ́ ọ̀kan nínú wọn kó lè rí mẹ́mọ́rì, PostgreSQL sì já gbogbo àwọn tó kù sílẹ̀. Ó dùn wá, torí wọn ò tíì bi wá kí wọ́n tó yí i. 16MB ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ìròyìn ńlá ìparí oṣù ńkọ́? Ẹni tó fẹ́ ṣe é kọ SET work_mem = '256MB'; ṣáájú, kò ní kan ẹlòmíràn.

fsync, ètò tó ń rí i dájú pé dátà ti dé orí dísíìkì, ni mo fẹ́ bẹ̀ yín sí. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kí ẹ pa á kí iṣẹ́ lè yá kò purọ́, á yá lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí iná bá lọ lójijì, dátábéèsì lè bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Ẹ fi sílẹ̀ bó ṣe wà, kí ẹ sì so UPS mọ́ ẹ̀rọ náà.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ tẹ SHOW config_file; láti mọ ibi tí postgresql.conf, fáìlì tí a ti ń yí àwọn òǹkà yìí, wà, kí ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ pa mọ́. Ẹ fi iye RAM yín àti iye èèyàn tó ń lò ó lẹ́ẹ̀kan náà ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp, a ó jọ ṣírò rẹ̀.