Àdùkẹ́, kó o tó ra gyro yẹn

Àdùkẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ilé-ìwé ńkọ́? Mo gbọ́ voice note ẹ látòkè délẹ̀, títí kan ibi tó o ti ń bú ọmọkùnrin tó ta mọ́tò drift, mọ́tò onírìmóòtù tí wọ́n fi ń yọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ yẹn, fún ẹ pé kò sọ pé gyro inú ẹ̀ ti kú. Má bú u jù. Mọ́tò MST RMX 2.0 tí gbogbo ara ẹ̀ ṣì pé, ní iye tó gbà lọ́wọ́ ẹ yẹn, kò rẹ́ ẹ jẹ, gyro ṣeé pààrọ̀. Ohun tí mi ò fẹ́ràn nínú ọ̀rọ̀ ẹ ni bó o ṣe ní o fẹ́ kó gbogbo owó tó o tọ́jú lé gyro tó wọ́n jù lórí, torí àwọn ọ̀rẹ́ ẹ ní òun ló máa jẹ́ kó o mọ̀ ọ́n wà. Rárá o. Mo fẹ́ kọ ọ́ gùn díẹ̀, o ti mọ bàbá ẹ, wá ibì kan jókòó sí.

Jẹ́ n kọ́kọ́ sọ iṣẹ́ tí gyro ń ṣe, torí àwọn tó ń tà á kì í ráàyè sọ ọ́. Mọ́tò ńlá tí èèyàn ń jókòó sínú ẹ̀, tí ìdí ẹ̀ bá ti yọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, dírébà lè tú ọwọ́ lára sìtíárìn díẹ̀, sìtíárìn ọ̀hún á sáré yí fúnra ẹ̀, táyà iwájú á kọjú síbi tí mọ́tò ń lọ gan-an. Caster ló ń ṣe ìyẹn, ìyẹn bí wọ́n ṣe dẹ ẹsẹ̀ iwájú sẹ́yìn díẹ̀ nígbà tí wọ́n ń to mọ́tò. Dírébà náà sì jókòó lé e, ara ẹ̀ á ti mọ̀ kí ojú ẹ̀ tó rí i. Mọ́tò kékeré tìẹ ò ní ìkankan nínú méjèèjì. Servo, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tó ń yí táyà iwájú, ló di táyà mú gbagbagba, caster fẹ́ fà á o, kò ráàyè, ìwọ náà dúró lókèèrè pẹ̀lú rìmóòtù lọ́wọ́, kí ojú ẹ tó rí i, kí ọwọ́ ẹ tó yí, mọ́tò ti yí po ó ti kọjú sí ẹ. Ibẹ̀ ni gyro ti wọlé. Sẹ́ńsọ̀ kékeré kan wà nínú ẹ̀ tó ń wo bí mọ́tò ṣe ń yára yí sọ́tùn-ún tàbí sósì, bó bá ti yí báyìí òun náà á sọ fún servo pé kó yí táyà sí òdìkejì. Ìyẹn nìkan ló mọ̀. Kò mọ ọ̀nà, kò mọ ògiri, kò mọ ibi tó o fẹ́ lọ.

Ara hẹlikọ́pítà àwọn onírìmóòtù ló ti wá, ìrù ẹ̀ ni wọ́n fi ń dì mú kó má bàa máa yí gbirigbiri lókè. Nígbà tí mọ́tò drift ṣì ń fi táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fà, èèyàn lè ṣe é láìsí gyro, ìgbà tí wọ́n wá ń fi táyà ẹ̀yìn nìkan fà á kó lè jọ ti gidi lọ̀rọ̀ yí padà. Ìdí tí mo fi ń sọ èyí ni pé wàá rí gyro hẹlikọ́pítà níbi tí wọ́n ti ń ta àlòkù, bíi Futaba GY401, kì í ṣe nǹkan burúkú, àmọ́ ó ní mode kan tí wọ́n ń pè ní AVCS, àwọn míì ń pè é ní heading hold, àwọn gyro mọ́tò míì náà sì ní in. Má tan ìyẹn. Ńṣe ló máa fẹ́ di imú mọ́tò mú síbi tó kọjú sí, o ti dá sìtíárìn rìmóòtù padà sáàárín, táyà lè má padà. Normal ni kó o fi sí, kó o sì gbàgbé èkejì.

Ó dáa. Kó o tó ná kọ́bọ̀ lórí gyro, gbé mọ́tò yẹn sórí tábìlì, tan rìmóòtù, tan mọ́tò, kí servo di ara ẹ̀ mú. Wá fi ìka méjì di táyà iwájú ọ̀tún mú, rọra mì ín sọ́tùn-ún sósì. Má wo táyà o, irin tó so ó mọ́ servo ni kó o máa wò, ohun tí àwa máa ń pè ní tai rọ́ọ̀dù lára mọ́tò ńlá. Bí táyà bá ń mì tí apá servo ò mì, ó ti dẹ̀ níbì kan láàárín wọn. Tọ̀ ọ́ lọ díẹ̀díẹ̀: orí rọ́ọ̀dù tó jẹ́ rọ́bà líle yẹn tó gbé bọ́ọ̀lù kékeré mì, ṣé ó ń ṣe kẹ̀kẹ̀kẹ̀ lórí ẹ̀? Pààrọ̀ ẹ̀, owó ẹ̀ ò tó nǹkan. Apá tó ń yí láàárín, ṣé ó ń lọ sókè sódò? Fi wáṣà pẹlẹbẹ sí i. Súkúrù tó di apá servo mú ńkọ́? Tún un mú. Tó bá sì jẹ́ pé servo saver, ìyẹn apá servo onísípíríǹgì, ni wọ́n fi síbẹ̀, yọ ọ́ kúrò, apá líle ni kó o fi sí i. Lẹ́yìn náà bọ́ orí rọ́ọ̀dù kúrò lára servo, kó o fi ọwọ́ yí táyà láti òpin dé òpin, kó lọ bí epo láìhá níbì kankan.

Mo mọ̀ pé iṣẹ́ yìí ò dùn, kò sẹ́ni tó máa ya fídíò ẹ̀. Àmọ́ ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Gyro á ní kí táyà yí díẹ̀, táyà ò ní yí torí ó ti dẹ̀, gyro á fi kún un, táyà á wá yí jù, gyro á ní kó padà, wọ́n á wá máa bá ara wọn jà báyìí, iwájú mọ́tò á máa gbọ̀n yẹ́yẹ́yẹ́. Olówó ńlá ni gyro o, olówó kékeré ni o, kò sí èyí tó máa gba èèyàn lọ́wọ́ tai rọ́ọ̀dù tó ti dẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń sọ pé gyro àwọn ò dáa, ibi tí wàhálà wọn wà nìyẹn.

Servo ló kàn, mo sì ní kí owó ẹ pọ̀ síbẹ̀ ju ibi gyro lọ. Kó jẹ́ digital, kó sì yára. Wo ara páálí ẹ̀, wọ́n á kọ iye ìṣẹ́jú àáyá tó fi ń yí ìwọ̀n 60 digrí, tó bá jẹ́ 0.10 tàbí kó kéré sí i, ó ti tó fún ẹ. Èyí tó ń lò 0.18, gbé e fún ẹni tó ń ṣe mọ́tò orí iyẹ̀pẹ̀. Gyro tó yára pẹ̀lú servo tó ń fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀, gbígbọ̀n náà ni. Ó wá ku nǹkan kan tí o ò gbọ́dọ̀ gbàgbé o: ọ̀pọ̀ gyro ló ní ibi tí wàá ti sọ fún un bóyá servo tìẹ jẹ́ analog tàbí digital. Analog ń retí ìròyìn bíi ìgbà àádọ́ta láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, digital lè gba ti 333. Tí servo tìẹ bá jẹ́ analog tó o wá fi gyro sí digital, servo á kọ́kọ́ gbóná, á wá jó. Bákan náà, tó o bá rí 1520 àti 760, ìyẹn bí àmì tí servo ń gbà ṣe gùn tó, 1520 ni tìẹ, 760 wà fún àwọn servo ìrù hẹlikọ́pítà kan.

Gyro fúnra ẹ̀ wá nìyí. Futaba ní GYD450 àti GYD550, Sanwa ní SGS tiwọn, Yokomo náà ń ta tiẹ̀, àwọn tí orúkọ wọn ò lókìkí náà pọ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Èyí tó wà láàárín ni kó o rà. Kó ṣáà jẹ́ èyí tí wọ́n dìídì ṣe fún drift, kó ní ibi tí wàá ti yí ọ̀nà ẹ̀ padà tó bá ń ṣe òdìkejì, kó ní ibi tí wàá ti pààlà fún ọ̀tún lọ́tọ̀ àti òsì lọ́tọ̀, kó sì ní wáyà tó ń lọ sí channel kẹta, ìyẹn ọ̀nà àṣẹ kẹta lára rìmóòtù, kó o lè máa fi rìmóòtù yí gain ẹ̀, ìyẹn bó ṣe ń fi agbára dá táyà padà tó, lórí ìdúró. Lọ wo rìmóòtù ẹ báyìí, tó bá jẹ́ channel méjì péré ló ní, o ò ní lè ṣe ìyẹn, súkúrù kékeré ara gyro ni wàá máa fi súkúdíráfà yí ní gbogbo ìgbà, ó máa ń súni. Ohun tí olówó gọbọi fi ju ti àárín lọ, ọwọ́ ẹni tó ti wà á fún ọdún mélòó kan ló lè mọ̀ ọ́n. Tìẹ ò tíì débẹ̀, kì í ṣe èébú.

Ibi tó o máa lẹ̀ ẹ́ mọ́: tépù onífóòmù olójú méjì tó sábà máa ń bá a wá ni kó o lò, kó sùn pẹlẹbẹ, má fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́. Àwọn kan á sọ fún ẹ pé àárín gbùngbùn mọ́tò ló gbọ́dọ̀ wà, àròsọ lásán ni, bí imú mọ́tò ṣe ń yí náà ni ìdí ẹ̀ ń yí, sẹ́ńsọ̀ ò mọ̀yàtọ̀. Gbígbọ̀n àti ooru ló ń bà á jẹ́, nítorí náà jẹ́ kó jìnnà sí mọ́tò iná tó ń yí táyà ẹ̀yìn àti ESC, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń pín iná bátìrì, kó o sì jẹ́ kí wáyà ẹ̀ rọ̀ dẹ̀dẹ̀, wáyà tó bá le tantan á máa fa gbígbọ̀n wọ inú ẹ̀. Iṣẹ́ wáyà ni mo fi tọ́ yín, gbà mí gbọ́ lórí èyí.

Tó o bá wá fẹ́ tò ó, gain á wà ní òdo ná. Rìmóòtù ni kó o kọ́kọ́ tàn, mọ́tò tẹ̀lé e, nílẹ̀ ni kí mọ́tò wà, má fọwọ́ kàn án títí iná gyro á fi dúró. Ìgbà yẹn ló ń wo ohun tó ń jẹ́ ìdúró jẹ́ẹ́. Wàá rí àwọn tó ń tan tiwọn lápá bí wọ́n ṣe ń rìn lọ síbi tí wọ́n ti fẹ́ wà á, lẹ́yìn náà wọ́n á ní mọ́tò àwọn ń fà sósì. Apá servo ni kó o fọwọ́ yọ kó o tún un fi kó lè wà láàárín, má fi trim rìmóòtù, ìyẹn bọ́tìnì tó ń sún àárín sìtíárìn díẹ̀, ṣe gbogbo ẹ̀, trim wà fún èyí tó bá ṣẹ́ kù. Wá yí sìtíárìn dé òpin, kó o pààlà síbi tí táyà ò ti ní kan nǹkan kan, tí servo ò sì ní máa kùn hùùù, ṣe ọ̀tún, ṣe òsì.

Dídán ọ̀nà ẹ̀ wò ni ohun tí wọ́n máa ń gbójú fò jù. Fi gain díẹ̀ sí i. Kọ imú mọ́tò síwájú, ìdí ẹ̀ sọ́dọ̀ ẹ, wá ti ìdí ẹ̀ sọ́tùn-ún lójijì. Ọ̀tún náà ni táyà iwájú gbọ́dọ̀ yí sí. Tó bá yí sósì, yí ọ̀nà gyro padà lára ẹ̀ fúnra ẹ̀, kì í ṣe lára rìmóòtù. Ti rìmóòtù wà fún sìtíárìn tìẹ nìkan, dídà wọ́n pọ̀ ló ń pa ọ̀pọ̀ lẹ́kún.

Ó ku gain. Bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí 30 nínú 100, wà á lọ tààrà, tẹ iná sí i, jáwọ́, tẹ̀ ẹ́. Fi díẹ̀ kún un, tún wà á. Tó bá dé ibi tí táyà iwájú bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lórí tààrà, o ti kọjá ààlà, dín in kù títí á fi dákẹ́, kó o tún dín in kù díẹ̀ sí i. Tó bá jẹ́ pé kékeré báyìí ló ti ń gbọ̀n, má bá gyro wí, padà sórí tábìlì lọ wo tai rọ́ọ̀dù. Nọ́ńbà tó bá ẹ lára mu lórí kọnkéré dídán lè má dáa lórí kápẹ́ẹ̀tì, nítorí náà má da nọ́ńbà ẹnikẹ́ni kọ, mi ò ní fún ẹ ní tèmi náà.

Kí n tó kúrò níbẹ̀, wàá rí i pé gain tó ga jù ń dùn lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Mọ́tò ò ní yí po, orí ẹ á wú. Àmọ́ nígbà tó o bá ń yípo róńdó, mọ́tò ń yí ní gbogbo ìgbà, gyro náà á sì máa fa táyà sẹ́yìn ní gbogbo ìgbà, ìwọ á wá máa fi agbára yí sìtíárìn wọnú kó tó lè gbọ́ tìẹ, ibi tó yẹ kí ìdí ṣí dáadáa kò ní ṣí. Èyí tó lọ sílẹ̀ díẹ̀, tó o ti ń fọwọ́ ara ẹ ṣe ìdajì iṣẹ́ ọ̀hún, wàá yí po níbẹ̀rẹ̀, wàá bínú, àmọ́ ìyẹn ni mo fẹ́ kó o lò.

Tí gyro bá ń ṣe dáadáa tí àárín ẹ̀ sì ṣàdédé ń sún kúrò láàárín eré, wo iná tó ń dé ọ̀dọ̀ ẹ̀. Servo tó yára máa ń jẹ iná gan-an, tí ESC ò bá lè gbé e, iná á lọ sílẹ̀ díẹ̀, gyro á kú á tún jí nígbà tí mọ́tò ń yí lọ́wọ́. Kápásítọ̀ kékeré kan tí wọ́n ń kì bọ ihò tó ṣófo lára receiver, ìyẹn ohun tó ń gba àṣẹ rìmóòtù nínú mọ́tò, lè ràn án lọ́wọ́. Bátìrì LiPo yẹn wá ńkọ́, èmi àti ìyá ẹ ti jọ sọ ọ́: má ṣáájì ẹ̀ kó o wá sùn, má ṣáájì ẹ̀ kó o wá lọ sí kíláàsì, inú báàgì LiPo tí wọ́n ṣe nítorí iná ni kó wà, sẹ́ẹ̀lì kan ò sì gbọdọ̀ kọjá fólítì 4.2. Hostel ni ò ń gbé, iná ò mọ ọmọ ẹni.

Mo ti fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ sínú àkáǹtì ẹ, ti servo àti orí rọ́ọ̀dù ni, kì í ṣe ti gyro. Kọ nọ́ńbà tó wà lára servo tó o ní báyìí ránṣẹ́ sí mi kó o tó ra nǹkan kan, ó lè jẹ́ pé ó ṣì wúlò. Tó o bá sì ti tò ó tán, fídíò tí mo fẹ́ rí ni èyí tó ń lọ tààrà láti òpin kan dé òpin kejì, kó o ya táyà iwájú nítòsí. Ti róńdó yẹn, fi ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀rẹ́ ẹ.

Ìyá ẹ kí ẹ, ó ní ṣé o ń jẹun.

Èmi ni,
Bàbá ẹ